Ojú Kan, Ọgbọ̀n Ilé: Ẹ̀yìn Àwọn Tẹ́ráàsì Olókùúta Ìlú Bath

  Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí.

Orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wà lórí Instagram, tí ẹ sì ṣèèṣì tẹ ìpolówó ilé kan ṣoṣo báyìí, ó parí nìyẹn, ìpolówó ilé ni ẹ ó máa rí títí ọdún á fi yí po. Èyí tí mò ń rí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní “terrace duplex”. Lẹ́kí ni o, Ajah ni o, Ìbàdàn pàápàá ti ń ní tirẹ̀: ilé mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀dà funfun, fèrèsé onígíláàsì dúdú, géètì kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń kó owó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, “Kí ló ń jẹ́ terrace gan-an? Ṣé face-me-I-face-you olówó ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé n kò ní ohun tí mo lè sọ ju pé “ilé tó fara ti ara wọn ni”.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti bá wa wá, irú ilé yìí sì pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Ìlà ilé kan, ògiri kan ṣoṣo láàárín ilé méjì, èmi ní ẹ̀gbẹ́ kan, aládùúgbò mi ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, bíríkì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí òkúta bá ti wà nínú ilẹ̀ nítòsí, òkúta ni wọ́n lò: ní Yorkshire, ní àgbègbè Cotswolds, àti ní ìlú kan tó ń jẹ́ Bath. Ti Bath ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò màmá mi ní Bristol. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan tí wọn kò lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí mi ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bath. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé gbogbo ìlú náà ní àwọ̀ kan, bí ìgbà tí ènìyàn da mílíìkì sínú oyin. Òkè sì ni ìlú ọ̀hún. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀dọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ, Àǹtí mi tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń dúró dè mí lójú ọ̀nà, títí a fi dé Royal Crescent.

Ẹ fojú inú wo ilé kan tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Òpó 114 ló tò sí ojú rẹ̀, gbogbo wọn ga dọ́gba. Mo pè é ní ilé kan nítorí pé bí ojú ṣe rí i nìyẹn, bí ààfin ọba ńlá kan. Ṣùgbọ́n ilé 30 ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1767, ó parí ní nǹkan bí ọdún 1774, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 150. Fèrèsé ilé kìíní àti fèrèsé ilé ọgbọ̀n kò yàtọ̀ síra. Iwájú rẹ̀ jẹ́ pápá koríko tó rọra ń lọ sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan gba inú pápá náà kọjá, kí ẹran tó ń jẹko nísàlẹ̀ má baà gòkè wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn olówó. Kòtò yìí kì í hàn láti òkè. Ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ á rò pé koríko kan náà ló lọ láti ẹnu ọ̀nà òun títí dé ibi tí màlúù wà, kò sí ọgbà, kò sí ààlà. Mo rò pé ọgbọ́n tó wà nínú kòtò yẹn ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí: ohun tó ń dá nǹkan dúró wà níbẹ̀, wọ́n kàn ṣe é kó má hàn ni.

Mo ya fọ́tò bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Nígbà tó yá, Àǹtí mi ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀. Wá wo ẹ̀yìn.”

A yí gba ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Crescent Lane. Ẹ̀yin ará, mo dúró. Òrùlé ilé kan ga, ti ìkejì kúrú. Ẹnì kan yọ yàrá síta, ẹlòmíì kò yọ. Fèrèsé ńlá, fèrèsé kékeré, fèrèsé tó ga ju ti ẹnìkejì lọ, páìpù omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, garawa ìdọ̀tí. Òkúta ibẹ̀ pàápàá kò dán bíi ti iwájú. Òkúta tí wọ́n kàn fọ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tò léra wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Mo ní, “Ṣé ilé yẹn náà nìyí?” Wọ́n ní, “Òun náà ni.” Kò sí arìnrìn-àjò kankan lẹ́yìn yẹn. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀.

Báwo ni ilé kan ṣe lè ní ojú kan níwájú, kó sì ní ọgbọ̀n ojú lẹ́yìn? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Wood.

Bath ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1704, ọmọ kọ́lékọ́lé ni. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ́ lọ sí Bath nítorí omi gbígbóná tó ń ru jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń wo àìsàn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tẹ́tẹ́ káàdì, ijó, àti wíwá ọkọ tàbí ìyàwó fún ọmọ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Wọ́n nílò ilé tó yẹ wọ́n fún oṣù mélòó kan. Wood rí ọjà yẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní owó tó lè fi kọ́ ìlú.

Ohun tó ṣe rèé. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Robert Gay, kò rà á, ńṣe ló háyà rẹ̀ fún ọdún 99. Ó ya àwòrán ojú ilé, ojú nìkan. Lẹ́yìn náà ló gé ilẹ̀ náà sí pùlọ́ọ̀tì pùlọ́ọ̀tì, tó tún un háyà fún àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́kùúta ìlú. Àdéhùn rẹ̀ kò nira láti yé ènìyàn: bí mo ṣe ya ojú ilé yìí gẹ́lẹ́ ni kí o kọ́ ọ, o kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ lo mọ̀. Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣe é ni Queen Square, láti ọdún 1728 títí di 1736, níbi tí ó ti kó ilé mélòó kan sábẹ́ orí ilé onígun mẹ́ta kan ṣoṣo bí ẹni pé ọba kan ló ń gbé inú gbogbo wọn.

Àwọn kọ́lékọ́lé kékeré wọ̀nyí náà kò lówó. Owó háyà tí wọ́n máa ń san níbẹ̀rẹ̀ kò ju ohun tí kò tó nǹkan, títí ilé á fi ní òrùlé lórí. Wọ́n á yá owó, wọ́n á sáré kọ́ ọ, wọ́n á sì wá ẹni tó máa gbà á kí gbèsè tó lé wọn bá. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó fún ilé tí wọn kò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Lẹ́kí, ẹ ti mọ eré yìí dáadáa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà yẹn máa ń bá ara wọn ṣe iṣẹ́ láìsan owó. Agbẹ́kùúta á mọ ògiri fún ẹni tó ń rẹ́ ògiri, onírẹ́rẹ́ náà á wá rẹ́ àjà ilé agbẹ́kùúta, káfíńtà á ṣe ilẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì. Àáró ni, àáró gan-an tí àwọn bàbá wa ń bá ara wọn ṣe lóko. Àwọn ìlà ilé tí gbogbo ayé ń pè ní ti àwọn ọlọ́lá, oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò ló fi àáró kọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Wood bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 1754, ìyẹn Circus, ilé 33 tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, tí wọ́n sì yí agbo òbìrí kan ká. Ó kú lọ́dún yẹn kan náà. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ John Wood, ló parí rẹ̀ ní 1768, òun ló sì tún ya Royal Crescent. Ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ilé á ra ìwọ̀n kan lára ojú tó tẹ̀ bí oṣù yẹn, yóò sì lọ wá ayàwòrán ilé tirẹ̀ tí yóò bá a ṣe inú àti ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà míì, ohun tó dà bí ilé méjì láti ìta, ilé kan ṣoṣo ni nínú.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere o. Ní Camden Crescent, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1788 lórí òkè kan ní àríwá ìlú, ilẹ̀ yọ̀ ní apá ìlà oòrùn, wọn kò sì lè kọ́ ìlà ilé náà parí. Títí di òní, orí ilé onígun mẹ́ta tó yẹ kó wà ní àárín gbùngbùn kò sí láàárín. Ẹ̀gbẹ́ kan gùn, ẹ̀gbẹ́ kejì gé kúrú. Ní 1793, owó tún há. Ilé ìfowópamọ́ wó ní Bath, àwọn kọ́lékọ́lé wọ gbèsè, iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà. Nínú ìlà ilé, bí ẹnì kan bá kùnà, gbogbo ojú ló máa hàn lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkúta fúnra rẹ̀, nítorí pé láìsí i, Wood ì bá máa ya àwòrán lásán.

Òkúta Bath jẹ́ irú òkúta ẹfun kan. Tí ẹ bá mú un sún mọ́ ojú dáadáa, ẹ ó rí àwọn hóró róbótó kéékèèké bí ẹyin ẹja. Nǹkan bí mílíọ̀nù 170 ọdún sẹ́yìn ló ti ń kó ara jọ nísàlẹ̀ òkun kan tó gbóná tí kò sì jìn, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà báyìí. Ó rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u nínú ilẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ayùn lè gé e sí ibikíbi tí ẹ bá fẹ́. Bí omi yẹn bá ti ń gbẹ, ojú rẹ̀ á máa le sí i. Ọwọ́ agbẹ́kùúta gbọ́dọ̀ yá nígbà náà. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ bí òkúta náà ṣe sùn nínú ilẹ̀, kó sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nínú ògiri, torí pé bí ojú ìwé ló ṣe tò léra. Tó bá gbé e dúró gbagidi, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bọ́ bí èèpo.

Ralph Allen ló ni ibi tí òkúta náà ti ń jáde. Iṣẹ́ lẹ́tà ni ọkùnrin yìí fi di olówó. Ní 1720, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba láti tún ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà lọ láti ìlú sí ìlú ṣe, èrè ibẹ̀ ló sì fi ra àwọn kòtò òkúta ní Combe Down, lórí òkè tó wà ní gúúsù Bath. Láti gbé òkúta sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ojú irin láti òkè dé etí odò Avon ní nǹkan bí ọdún 1731. Mò ń pè é ní ojú irin, ṣùgbọ́n igi ni. Ìwúwo òkúta fúnra rẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan á máa fi bíréèkì dá a dúró, ẹṣin á wá fa kẹ̀kẹ́ òfìfo padà sókè. Tó bá ti dé etí omi, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e lọ sí Bristol. Allen kọ́ ààfin ńlá kan fún ara rẹ̀ lórí òkè, Prior Park, kí gbogbo ìlú lè máa wo ohun tí òkúta òun lè ṣe. Ìpolówó ni. Ká ní Instagram wà nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ni ì bá máa gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ ìlà ilé kékeré kan fún àwọn agbẹ́kùúta rẹ̀ ní Combe Down. Ìlà ilé yẹn ṣì wà. Tẹ́ráàsì olókùúta ni òun náà.

Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wá ń wú òkúta náà nígbà tó yá, wọ́n ń fi òpó òkúta díẹ̀ sílẹ̀ kí òkè má baà wó lé wọn lórí. Àwọn tó dé lẹ́yìn kọ́ ilé sórí ilẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi di àkókò tiwa, ihò tó wà lábẹ́ àdúgbò náà ti ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, nítorí ilẹ̀ tó bò ó kò nípọn níbòmíì. Láàárín ọdún 2005 sí 2010, wọ́n fi kọnkéré oníhòòhò kún púpọ̀ nínú rẹ̀. Bath jáde láti abẹ́ Combe Down, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló wá san owó ihò náà.

Òkúta gígé dídán wọ́n, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ń lò ó sí. Iwájú ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á fi òkúta fífọ́ ṣe ẹ̀yìn. Nígbà tí mo mọ èyí ni ohun tí mo rí ní Crescent Lane tó yé mi. Ibi tí owó tán sí la wò lọ́jọ́ yẹn.

Inú ilé náà ní iwájú àti ẹ̀yìn tirẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ní Royal Crescent ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ẹ lè san owó kí ẹ wọlé, a sì wọlé. Ilé tẹ́ráàsì kì í fẹ̀, ńṣe ló máa ń ga, torí pé ìwọ̀n ojú ọ̀nà tí ènìyàn gbà ló ń san owó lé lórí. Nítorí náà, ipò ènìyàn wà nínú àtẹ̀gùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, níbi tí fèrèsé ti ga jù, ni wọ́n ti ń gba àlejò. Àwọn tó ni ilé ń sùn lókè rẹ̀. Lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, níbi tí òtútù pọ̀ sí lọ́yẹ́, tí ooru sì pọ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn. Ibi iṣẹ́ wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ilé ìdáná tó wà lábẹ́ ojú ọ̀nà. Ẹ ka àtẹ̀gùn láti ilé ìdáná dé òkè àjà. Ẹ wá ru omi gbígbóná àti èédú gùn ún láàárọ̀, kí ẹ sì gbé póò ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Èédú fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn yàrá olórùlé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń rìn gẹ̀lẹ̀tẹ̀ níta ń rìn lórí èédú wọn láìmọ̀.

Gbogbo yàrá ló ní ibi ìdáná tirẹ̀ nítorí òtútù, inú ògiri àárín, ìyẹn ògiri tí aládùúgbò méjì jọ ni, sì ni ihò èéfín gbogbo wọn ń gbà lọ sókè. Ẹ ó rí i lórí òrùlé, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ìkòkò èéfín láàárín ilé kan sí èkejì. Ooru tìrẹ ń gbóná ilé ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn náà ló sọ òkúta Bath di dúdú kirikiri títí di ọ̀rúndún tó kọjá, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Àwọ̀ oyin tí mo rí yẹn, ìran-ìran ló ti gbé ní Bath láìrí i bẹ́ẹ̀.

Ó ku owó. Ta ló ń san háyà àwọn ilé yìí?

Oríṣiríṣi ènìyàn ni. Gainsborough tó ń ya àwòrán ènìyàn gbé ní Circus. Ilé kọkànlá ní Royal Crescent ni Elizabeth Linley, ọmọbìnrin olórin, ti sá tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sheridan ní ọdún 1772, ìtàn yẹn tó ètò kan fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn wá láti inú oko ìrèké ní Jamaica àti àwọn erékùṣù tó yí i ká wà lára wọn dáadáa. William Beckford ni ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó jogún àwọn oko bàbá rẹ̀ ní Jamaica, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ẹrú nínú wọn, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ní 1822, ó kó wá sí Lansdown Crescent ní Bath. Ilé kan kò tó o. Ó ra èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ilé kan, ó ra èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, ó sì kọ́ afárá olókùúta sókè láti so wọ́n pọ̀. Afárá náà ṣì wà níbẹ̀, a kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Àǹtí mi dákẹ́ lábẹ́ ibẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n kó gba orí omi lọ sí Jamaica, àwọn ará ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin 1833 dá àwọn ẹrú sílẹ̀, pọ́n-ùn mílíọ̀nù 20 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bìínú. Àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n kó o fún. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Orúkọ àwọn tó gbà á wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, àdírẹ́sì Bath sì wà nínú rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo òkúta Bath ló ti ibẹ̀ wá. Omi gbígbóná, tẹ́tẹ́ àti owó orí ilẹ̀ náà ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n owó yìí wà lára ẹ̀yìn ilé náà, wọn kì í sì í ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rúndún ogún. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí Bath fún òru méjì. Ènìyàn 417 ló kú. Iná jó ilé kejì àti ilé kẹtàdínlógún ní Royal Crescent kanlẹ̀ nínú, wọ́n sì tún wọn kọ́ sẹ́yìn ojú wọn àtijọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé kí wọ́n tún un ṣe. Ojú yẹn ti di ohun mímọ́. Ó di ohun mímọ́ débi pé, ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí obìnrin kan tó ń gbé ní ilé kejìlélógún kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò, káńsù ní kó dá a padà sí funfun. Ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ níwájú ìjọba àpapọ̀ wọn, obìnrin yẹn sì jàre. Mo rí ilẹ̀kùn náà. Yẹ́lò ni.

Ohun tó ká mi lára ni pé, ní sáà tí wọ́n ń jà nítorí ọ̀dà ilẹ̀kùn kan, káńsù yẹn kan náà ń fi katapílà wó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé tó dàgbà tó Royal Crescent tàbí tó sún mọ́ ọn. Ilé àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn káfíńtà, àwọn agbẹ́kùúta, àwọn tó ń gbé olówó kiri nínú àga. Tẹ́ráàsì olókùúta ni wọ́n, òkúta kan náà láti orí òkè kan náà, àfi pé wọn kò ní òpó níwájú. Nínú ìwé tí ìjọba fi ń to àwọn ilé àtijọ́ sípò nígbà yẹn, ipò kẹta ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ipò kẹta kò sì ní ààbò òfin kankan. Ká má parọ́, ọ̀rinrin wà nínú púpọ̀ wọn, ilé ìwẹ̀ kò sí, ilé ìgbẹ́ wà níta, àwọn kan tó ń gbé inú wọn sì yọ̀ nígbà tí wọ́n kó lọ sí fúláàtì tó ní omi gbígbóná. Màmá mi náà ì bá yọ̀. Ṣùgbọ́n ilé olówó náà kò ní ilé ìwẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi páìpù sí i ni, wọn kò wó o.

Ní 1973, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Adam Fergusson kọ ìwé kan nípa rẹ̀, The Sack of Bath, ìyẹn ni pé wọ́n ń kó Bath bí ìgbà tí ogun kó ìlú. Ìwé tín-ín-rín ni, fọ́tò àwókù ilé ló kún inú rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí wíwó náà dúró. Bath wọ inú àkọsílẹ̀ UNESCO ní 1987. Ìwọ̀nba ilé kékeré tó ṣẹ́ kù, àwọn agbẹ́kùúta òde òní kò lè ra ọ̀kan nínú wọn mọ́.

Ká tó padà síbi ọkọ̀ ojú irin, mo ní kí Àǹtí mi mú mi lọ wo Ballance Street, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n wó. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti Circus. Fúláàtì ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, obìnrin kan ń sá aṣọ. Mo ya fọ́tò kan ṣoṣo. Nígbà tí mo délé tí mò ń to fọ́tò mi, mo ka ti iwájú Royal Crescent, ó jẹ́ 83. Ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì san owó ilé rẹ̀ o. Ó lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní wọn kò gbà kí òun yí gba ẹ̀yìn.